Kí A Kọ́kọ́ Lé Akátá Jìnnà: Àgbéyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Ìtòtẹ̀léra Ètò Ìdènà Àrùn Kòrónà ní Àárín Gbùngbùn Ìbàdàn

Àṣamọ̀

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ àṣẹ ni wọ́n pa fún ará ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n jìnnà síra wọn, kí wọ́n lo ìbòmú, kí wọ́n sì gbélé. Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ọ̀nà tí ìpolongo èdè Yorùbá gbà to àwọn àṣẹ náà tẹ̀lé ara wọn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìtòtẹ̀léra náà bá bí àrùn náà ṣe ń ràn mu, àti bóyá ó bá ìgbé ayé àwọn ará Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà mu. Òwe, orúkọ àrùn àti ọ̀rọ̀ tuntun inú ìpolongo ni iṣẹ́ yìí fi ṣe àwòfín. Àbájáde rẹ̀ ni pé ohun tó rọrùn láti sọ ni ìpolongo fi ṣíwájú, ohun tó lágbára jù láti dí ojú ọ̀nà àrùn ni ó sì fi ṣẹ̀yìn. Iṣẹ́ náà wá dábàá ìtò mìíràn, ó sì tọ́ka sí ojúṣe olùkọ́ èdè Yorùbá nínú rẹ̀.

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá gbà pé bí ọ̀ràn bá délẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ó ní bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe pé ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Nínú òwe yìí, adìẹ kò jàre. Òun ló rìn gbéregbère dé etí igbó. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ adìẹ lè dúró di ìrọ̀lẹ́, eyín akátá kò lè dúró. Ọlátúnjí (1984) ka òwe mọ́ ìsọ̀rí ewì alohùn Yorùbá. Síbẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ ìlera, iṣẹ́ òwe yìí kọjá ẹwà èdè. Ó jẹ́ òfin ìtòtẹ̀léra tó ń sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe ṣáájú nígbà tí agbára kò bá ká ohun gbogbo.

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti di àjàkálẹ̀ kárí ayé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kan náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ ìgbélé ọlọ́jọ́ 14 fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ti ìpínlẹ̀ pa bẹ́ẹ̀. Ohun tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣe ni pé ó fi òfin kónílé-ó-gbélé lélẹ̀ láti aago 7 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ó sì ti àwọn ọjà yàtọ̀ sí ti oúnjẹ tó lè bàjẹ́. Ìyàtọ̀ yìí ló mú kí Ìbàdàn jẹ́ ibi tó yẹ fún àgbéyẹ̀wò, nítorí ó fi hàn pé yíyàn wà, àti pé ìtò kan kì í ṣe ọ̀ranyàn.

Òṣùwọ̀n Ìṣelámèyítọ́

Tíọ́rì ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ ni iṣẹ́ yìí gbára lé. Tíọ́rì yìí gbà pé ọ̀rọ̀ kò ṣe é yà kúrò lára àwùjọ tó ń sọ ọ́ àti àwùjọ tó ń gbọ́ ọ. Ìpolongo ìlera náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kọ, tí ẹlòmíràn gbọ́. Ó sì ṣe é ṣe lámèyítọ́ gẹ́gẹ́ bí eré onítàn tàbí ewì. Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí bi àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Èkíní, ǹjẹ́ ó dí ojú ọ̀nà tí àrùn ń gbà ràn? Èkejì, ǹjẹ́ agbára ẹni tí wọ́n pa á láṣẹ fún ká a? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ gbé ìtumọ̀ rẹ̀ dé etí olùgbọ́ láìdàrú? Àṣẹ tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kó ṣíwájú.

Ẹ̀kọ́ Inú Àwọn Àjàkálẹ̀ Àrùn Àtijọ́

Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àjàkálẹ̀ àrùn pàdé. Nígbà tí ṣànpọ̀nná ń jà, orúkọ ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ gan-an; wọn a ní ilẹ̀ gbóná, tàbí kí wọ́n pè é ní Olóde. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde lẹ́nu àgbà ilé kan, gbogbo agbo-ilé ti mọ̀ pé ìlù ti dákẹ́, àpèjẹ ti kásẹ̀ nílẹ̀, aláìsàn ti wọ yàrá, àlejò kò sì gbọdọ̀ wọlé bẹ́ẹ̀ mọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú àṣà yìí ló ṣe é yìn. Àwọn àwòrò òrìṣà náà a máa kó ẹrù ẹni tó bá kú lọ, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n ń tan àrùn náà kálẹ̀, èyí tó wà lára ìdí tí ìjọba amúnisìn fi fòfin de ìbọ náà. Síbẹ̀, ìtò inú àṣà náà hàn gbangba: aláìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, ilé rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣọ́. Wọn kì í ti gbogbo ìlú pa nítorí ilé kan.

Ọ̀nà tí ayé gbà ṣẹ́gun ṣànpọ̀nná kò jìnnà sí èyí. Ní òpin ọdún 1966, ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, rí i pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà lọ́wọ́ kò lè ká gbogbo ènìyàn. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wá aláìsàn rí, wọ́n sì gún àwọn tó yí i ká lábẹ́rẹ́. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n wá ń lò kiri. Ọdún 1970 ni ṣànpọ̀nná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọdún 1980 ni wọ́n kéde pé ó ti tán láyé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Ebola rí ní ọdún 2014. Oṣù keje ni ó wọ Èkó; ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ni wọ́n kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò ti Èkó pa. Wíwá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ṣíṣọ́ wọn lójoojúmọ́, ni wọ́n fi ṣíwájú.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti ọdún 1918. Nígbà tí lùkúlùkú gba ojú omi wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba amúnisìn rán àwọn òṣìṣẹ́ láti máa wá aláìsàn láti ilé dé ilé. Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò nílùú. Reluwé tó ń gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn wà nílẹ̀, àrùn náà sì bá èrò wọkọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Ebola, nítorí aláìsàn náà ni wọ́n ń wá. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ìfọkàntán. Ẹni tó bá rò pé wọ́n fẹ́ wá gbé òun ni yóò sá lọ. Ẹni tó bá rò pé wọ́n fẹ́ tọ́jú òun ni yóò dúró. Èyí ló mú ọ̀rọ̀ dé orí èdè.

Ìlò Èdè Nínú Ìpolongo

Ilé iṣẹ́ rédíò bíi BCOS àti Àmúlùdùn FM ni ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àrùn náà lédè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú irú ìpolongo bẹ́ẹ̀ yẹ fún àwòfín.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni kòkòrò. Wọ́n sọ pé kòkòrò àìfojúrí ló ń fa Kòrónà. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ẹni pé ó ṣe kedere, ṣùgbọ́n ó ti ní ìtumọ̀ mìíràn tẹ́lẹ̀ ní ìlú náà. Buckley (1985), tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, fi hàn pé ní èrò wọn, kòkòrò àti aràn ti wà nínú ara olúkúlùkù, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ fún ara níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá pọ̀ jù. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ kọjá ààyè wọn ni wọ́n ń di àìsàn, agbo kíkorò ló sì ń dín wọn kù. Ẹni tó bá gba irú ìmọ̀ yìí gbọ́ yóò fetí sí ìpolongo, yóò gbà pé òótọ́ ni, yóò sì lọ wá agbo mu. Kò rí ìdí tí yóò fi bo imú, nítorí inú ni kòkòrò tirẹ̀ ń gbé. Kì í ṣe pé olùgbọ́ ya aláìgbọ́ràn. Olùpolongo ni kò ṣàlàyé pé kòkòrò yìí ń ti ẹnu ẹnìkan bọ́ sí imú ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ìjìnnà-síra-ẹni. Ní èdè Yorùbá, ẹni burúkú ni ènìyàn ń jìnnà sí. Bí òbí bá ní kí ọmọ òun jìnnà sí ẹnìkan, ó ti bu onítọ̀hún kù. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí ìyálé jìnnà sí ìyàwó ilé, kí ọmọ jìnnà sí ìyá àgbà, etí olùgbọ́ gba ọ̀tá lára àṣẹ náà. Bí wọ́n bá ti sọ pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe ń fi àyè sílẹ̀ fún àgbà, ọ̀wọ̀ ni ìbá jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ìyàsọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní òórùn àrùn ẹ̀tẹ̀ lára. Ẹni tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀, àwùjọ ti kọ̀ ọ́. Ibùdó tí wọ́n ń kó aláìsàn lọ ní Ìbàdàn, ní Olódò àti ní Jẹ́ríkò, jẹ́ ibi ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n pè é jẹ́ kó dà bí ibi ìkọ̀sílẹ̀. Ibi tí orúkọ bá ti ń lé ènìyàn, àyẹ̀wò kò lè rí aláìsàn.

Ọ̀rọ̀ kẹrin ni kónílé-ó-gbélé. Ìhun ọ̀rọ̀ náà gbà pé olúkúlùkù ló ní ilé, àti pé inú ilé ni ààbò wà. Ní Bẹyẹrúnkà, ilé kì í ṣe ti ẹnìkan. Yàrá kan lè gba ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀, balùwẹ̀ àti kànga sì jẹ́ ti gbogbo agbo-ilé. Ìbàdàn ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún irú àṣẹ yìí, èyí ni ìṣéde. Ìṣéde Orò ní ẹni tó kéde rẹ̀, ó ní ìdí, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ ọdún Òkè'bàdàn. Lọ́jọ́ náà, àṣà àtijọ́ ni pé a kì í dáná nílùú, ní ìrántí àkókò tí àwọn baba ńlá sá sórí òkè, tí wọ́n ń jẹ òrò àti ìgbín. Ohun tí ọdún yìí fi kọ́ Ìbàdàn ni pé ẹni tó bá sá pamọ́, ebi ni yóò kọ́kọ́ bá a níbẹ̀. Ọjọ́ kan péré ni ọdún náà, ìdí sì nìyí tí gbogbo ìlú fi lè pa á mọ́. Ìgbélé tí wọ́n ń sún síwájú, bí wọ́n ṣe ṣe ní Èkó àti Ògùn ní oṣù kẹrin ọdún 2020, kò ní irú òpin bẹ́ẹ̀.

Ìtò Inú Ìpolongo àti Ìgbé Ayé Ọjà'ba

Fífọ ọwọ́ ni ìpolongo fi ṣe àkọ́kọ́. Kò yani lẹ́nu, nítorí èdè Yorùbá ti ní ohun èlò fún un: òwe ọmọ tó mọ ọwọ́ í wẹ̀ wà níbẹ̀, orin ìmọ́tótó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ fífọ̀ dára, ó sì ń dènà onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ òde òní ti fi hàn pé afẹ́fẹ́ tí ènìyàn mí jáde nínú ibi tó há ni ọ̀nà pàtàkì tí Kòrónà ń gbà ràn, pé ohun tí ọwọ́ ń fara kàn kò tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó gba àwọn ìjọba níyànjú pé kí ará ìlú máa lo ìbòmú níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Nígbà náà, ọwọ́ fífọ̀ ti di gbajúmọ̀ nínú ìpolongo. Ní Ọjà'ba, níbi tí omi ti jẹ́ ohun rírà fún ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà, àṣẹ tó náni lówó jù ni wọ́n fi ṣíwájú èyí tí aṣọ àfikù ọ̀dọ̀ aránṣọ lè ṣe.

Òfin aago 7 alẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọjà alẹ́ wà lára ohun tí wọ́n mọ Ọjà'ba mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí wọ́n bá dín wákàtí ọjà kù tí èrò ọjà kò dín kù, èrò yóò há mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Àwọn tí wọ́n ń sáré kí aago 7 tó lù yóò kún inú Micra tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Òfin tó fẹ́ fún ènìyàn ní àyè ló wá gba àyè lọ́wọ́ wọn. Lójú àwọn ará Bẹẹrẹ, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Mápó ni àpẹẹrẹ tó kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2020, ẹgbẹ́ òṣèlú PDP ṣe ìpéjọ ńlá kan ní Gbọ̀ngàn Mápó nígbà tí ìkìlọ̀ nípa èrò púpọ̀ ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò sí ẹ̀rí pé ọ̀kan ló bí èkejì, iṣẹ́ yìí kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé àwọn tó ń tajà ní ìsàlẹ̀ òkè náà rí i pé òfin ìpéjọ lè dúró de olóṣèlú, kò sì dúró de ọlọ́jà. Òfin tí wọ́n bá rí bẹ́ẹ̀ ti pàdánù ìdajì agbára rẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ kí lámèyítọ́ sọ ibi tó dára. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, Gómìnà Mákindé kéde fúnra rẹ̀ pé àyẹ̀wò fi hàn pé òun ní àrùn náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, ó kéde pé òun ti bọ́. Ìkéde yìí yọ ìtìjú kúrò lára àrùn náà ju ọ̀pọ̀ ìpolongo lọ. Àmọ́, nígbà tó sọ pé òun lo fítámì C, kárọ́ọ̀tì, àti òróró èso dúdú pẹ̀lú oyin, ohun tí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ mú lọ sílé ni oyin. Àyẹ̀wò tó ṣe kò wọ̀ wọ́n létí tó bẹ́ẹ̀.

Àríyànjiyàn Òdìkejì

Àwọn kan lè sọ pé ó rọrùn láti dájọ́ lẹ́yìn ogun. Wọ́n á ní ní oṣù kẹta ọdún 2020, ẹnikẹ́ni kò mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn dáadáa, àti pé nígbà tí ilé bá ń jó, wọn kì í yan omi. Òtítọ́ wà nínú èyí. Ìgbélé fún ìgbà díẹ̀ lè ra àkókò fún ilé ìwòsàn tí kò tíì ní ohun èlò àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá rà, wọ́n gbọ́dọ̀ ná an sí nǹkan. Bí wọ́n kò bá lo ọjọ́ ìgbélé láti wá aláìsàn, kí wọ́n sì pín ìbòmú, gbèsè ni wọ́n jẹ. Àìmọ̀ tí wọ́n sọ yìí tún ní ojú kejì. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ló yẹ kó fi ohun tí kò pani lébi ṣíwájú. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àṣẹ tó bá dá ebi padà sínú ìṣẹ́ ni ó yẹ kó gbẹ́yìn.

Ìtò Tó Bá Ìlú Mu

Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọn àwọn àṣẹ náà, ìtò mìíràn ni yóò jáde. Àkọ́kọ́ ni wíwá aláìsàn rí ní kíá, pẹ̀lú àyẹ̀wò nítòsí ilé, àti oúnjẹ fún agbo-ilé tí aláìsàn bá wà. Mọ́gàjí, ìyálọ́jà, lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ ni ẹnu wọn lè ṣe èyí láìlé ènìyàn sá. Èkejì ni ìbòmú àti fèrèsé ṣíṣí, nínú ọkọ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú mọ́ṣáláṣí àti ní ilé ìwé. Ẹ̀kẹta ni ìdáàbòbò àgbàlagbà àti àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, nítorí àwọn ni àrùn náà ń pa jù. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá dé, bó ṣe dé Nàìjíríà ní oṣù kẹta ọdún 2021, àwọn wọ̀nyí náà ni ó yẹ kó kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́ fífọ̀, pẹ̀lú omi tí ìjọba ìbílẹ̀ gbé wá sójú ọjà. Ìkẹyìn ni kónílé-ó-gbélé, tó bá jẹ́ ọ̀ranyàn. Kí ó ní ọjọ́ òpin bí ìṣéde, kí oúnjẹ sì ṣáájú rẹ̀ dé ilé.

Ojúṣe Olùkọ́ Èdè

Wọ́n lè rò pé iṣẹ́ dókítà ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n dókítà kò ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà ìjìnnà-síra-ẹni. Ẹni tó gbọ́ èdè ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní láti mọ̀ pé ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọfọ́lọ́jì nìkan. Nígbà tó bá ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì bí ọ̀rọ̀ ṣe ń hun, ó lè gbé kónílé-ó-gbélé ka iwájú wọn, kí wọ́n bi í léèrè ta ni onílé náà. Ó lè ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà wọn yóò gbọ́ yé dípò ìyàsọ́tọ̀, kí wọ́n sì kà á fún un láti mọ̀ bóyá ó yé e. Bí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá ti wọ́pọ̀, ìpolongo tó ń bọ̀ kò ní jẹ́ ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìpolongo àrùn Kòrónà lédè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀; ìtò ni kò ní. Ó mú ohun tí òwe àti orin ti pèsè sílẹ̀, ó fi ṣíwájú, ó sì fi èyí tó nílò àlàyé gidi ṣẹ̀yìn. Ìrírí ṣànpọ̀nná, ti lùkúlùkú ọdún 1918 àti ti Ebola fi hàn pé wíwá aláìsàn rí ni ó yẹ kó ṣíwájú, àti pé kò ṣe é ṣe láìsí ìfọkàntán. Ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìpele pàjáwìrì Kòrónà ti parí. Àkókò tí ara rọ̀ báyìí ló yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn elétò ìlera jókòó pọ̀ tún ọ̀rọ̀ náà tò. Àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn lè dé, agbo-ilé Bẹyẹrúnkà yóò sì tún ní láti mọ èyí tó jẹ́ akátá àti èyí tó jẹ́ adìẹ nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá pa láṣẹ.